Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ỌKỌ̀ TÁBÒ TÍ KÒ FẸ́ JÍ LÁÀÁRỌ̀

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kan ẹni tó ní ọkọ̀ tábò tó ń lo bẹntiróòlù, pàápàá èyí tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe kó lè lágbára ju bó ṣe wá láti ilé-iṣẹ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ láàárín wa fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn sì rà á ní tòkúnbọ̀, wọn ò mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án níbi tó ti wá.

Bí ọkọ̀ náà bá ti sùn mọ́jú, wàhálà dé. Kíkísítátà á máa yí, ẹ́ńjìnì ò ní dáhùn. Bó bá jàjà jí, á máa gbọ̀n, á máa tú èéfín dúdú. Tó bá gbóná tán, kò sóhun tó ṣe é mọ́.

Ohun tí ẹni tó ni ín máa ń gbọ́ ni pé, "Tábò yín ti kú." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú kí èèyàn yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó forí lé Ládípọ̀ ní Mushin, kó ra tábò mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ò tún jí, gbèsè sì ti wà nílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: tábò kì í sábà jẹ̀bi àìjí ọkọ̀ láàárọ̀.

KÍ NI IṢẸ́ TÁBÒ?

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní 1905. Èéfín tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnì á máa yí abẹ̀bẹ̀ kan. Abẹ̀bẹ̀ yẹn á yí èkejì tí wọ́n jọ wà lórí ọ̀pá kan náà, èkejì á sì máa ki afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, wọ́n lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí kíkísítátà bá ń gbé ẹ́ńjìnì, nǹkan bí ìgbà 200 péré ni ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Iná ò tíì ràn, èéfín ò tíì sí. Kí ni yóò yí tábò? Tábò tó bàjẹ́ tó ń jo ọ́ìlì á máa tú èéfín aláwọ̀ búlúù, ọkọ̀ á sì máa fà lójú ọ̀nà. Ẹjọ́ tìyẹn yàtọ̀.

Òtútù Èkó náà kọ́. Kódà nígbà ọyẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí àárọ̀ wa tutù kọjá ìwọ̀n 20 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó pé ń jí níbi tí omi ti ń dì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bẹntiróòlù kì í tètè di oru nínú ẹ́ńjìnì tó ti sinmi mọ́jú. Nítorí náà, ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, gbọ́dọ̀ fi epo kún epo. Bí ohun kan bá tàn án jẹ, epo á kéré jù tàbí kó pọ̀ jù.

BÍ A ṢE Ń WÁ ÀÌSÀN NÁÀ

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò gbówó lórí.

1. Bátìrì. Èyí tó kún máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti tó ìdajì. Bó bá já wálẹ̀ gan-an sísàlẹ̀ 10 nígbà tí kíkísítátà ń yí, ẹ fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì yẹ bátìrì fúnra rẹ̀ wò.

2. Epo tó ń padà sínú táǹkì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á fi tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí ẹ pa á. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá sítáàtì. Bó bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, agbára epo ló ń sá lọ lóru. Ẹ wo pọ́ǹpù epo àti nózù tó ń kán.

3. Sẹ́ńsọ̀ omi. Òun ló ń sọ fún brain box bóyá ẹ́ńjìnì tutù. Kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó jí. Ó yẹ kí ìwọ̀n omi àti ti afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ti omi bá ń sọ 90 nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, irọ́ ló ń pa.

4. Plug. Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe máa ń fi plug tó tètè ń tutù sí i nítorí eré. Nínú gósílóò Ojúẹlẹ́gba, irú plug bẹ́ẹ̀ kì í gbóná tó láti jó èédú ara rẹ̀ dànù. Bó bá dúdú tàbí tó tutù fún epo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

5. Páìpù afẹ́fẹ́. Bí ìsopọ̀ kan bá tú, afẹ́fẹ́ tí brain box ò kà á wọlé, epo ò sì ní tó.

6. Nózù ńlá. Ká ní nózù tó ń ta 440 cc ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n yọ, tí wọ́n fi ti 880 sí i, tí wọn ò sọ fún brain box. Ó dà bí ọmọ ọjà tó rò pé agolo mílíìkì lòun fi ń wọn ìrẹsì, tó sì jẹ́ pé kóńgò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Epo á kún ẹ́ńjìnì, plug á rì. Onímọ̀ tó lè tún ìṣirò brain box ṣe nìkan ló lè yanjú èyí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, kó bá a ní tútù láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ ni irú àyẹ̀wò yìí ṣeé ṣe dáadáa, nítorí náà ohun kan ni kí ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ KÍYÈ SÍ I

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da bẹntiróòlù sí ẹnu ẹ́ńjìnì kó lè jí. Iná lè bú jáde, kó jó ọkọ̀ àti ènìyàn. Ẹ má yí kíkísítátà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ má sítáàtì ọkọ̀ nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, èéfín rẹ̀ ń pani. Bó bá sì jí, ẹ má tètè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì dé ọ̀dọ̀ tábò ná.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí tábò ò níṣẹ́ ṣe nígbà tí kíkísítátà ń yí?
2. Bí ọkọ̀ bá jí lẹ́yìn tí a yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ló ń tọ́ka sí?
3. Kí ló dé tó fi yẹ kí onímọ̀ bá ọkọ̀ ní tútù?

Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní fi owó àyálò ra ohun tí kò bàjẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.