Ẹ Kà Á Dé Ìdí

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí iṣẹ́ kóòdù àìsàn, M53.3 ni gbogbo yín ti há sórí. Ẹ kàn rí i pé eegun ìdí ń dun aláìsàn, ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́ kí ojú yín tó dé ìlà kejì. Kóòdù náà ò burú. Ìrora eegun ìdí ló wà fún lóòótọ́. Àmọ́ ìrora tí dókítà kò tíì so mọ́ nǹkan mìíràn ni.

Bí aláìsàn bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí dókítà kọ ọ́ pé eegun ìdí kán, tí awọ ara kò ya, S32.2XXA nìyẹn. X méjì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Wọ́n ń di àyè mú kí lẹ́tà ìkẹyìn lè bọ́ sí ipò keje. A ọ̀hún gan-an ló ń rú yín lójú. Ẹ rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí aláìsàn wá ló túmọ̀ sí. Rárá. Ìtọ́jú ló ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí eegun bá ti ń jinná, tí aláìsàn kàn wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, D ni. Bó bá jẹ́ ìrọbí ló ṣe eegun ìdí ìyá ọmọ léṣe, ẹ lọ sí O71.6.

Ẹ gbọ́ èyí tó dójú tì mí. Oṣù kẹwàá 2015 ni ICD-10-CM, ètò tí àwọn kóòdù wọ̀nyí ti wá, wọlé ní Amẹ́ríkà níbí. Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, mo gba fáìlì obìnrin kan tó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín. Dókítà kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí eegun ìdí ti kán. Èmi ò bèṣù bẹ̀gbà, mo gbé kóòdù eegun kíkán lé e. X-ray dé, eegun dá ṣáká. Adójútòfò dá ìwé owó padà, àkọsílẹ̀ obìnrin náà sì ti sọ ọ́ di ẹni tí eegun rẹ̀ kán. Fún aláìsàn tí wọn ò dá dúró sí ọsibítù, "ó ṣeé ṣe" àti "a fura" kì í di kóòdù. Ìrora nìkan ló dájú lọ́jọ́ náà. M53.3 tí mo fojú di ló tọ́ sí i.

Bí àkọsílẹ̀ bá kúrú, ẹ bi dókítà. Ẹ má wí pé, "Ṣebí eegun yẹn kán ni, sà?" Ẹ ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu nìyẹn. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí pé ó fa ìrora yìí?" Àwọn mìíràn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Ẹ má tíì pa fáìlì náà dé.