Oògùn Tí Bàbá Ìbejì Ń Fín

“Ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, oko bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìkòyí-Ilé ló gbájú mọ́ báyìí. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà lókè, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀ àti tòmátì wà ní àkùrọ̀. Èmi ni mò ń ta ẹ̀fọ́ náà ní Tákìé. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Láti ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ tó bá ti fín oògùn sí ẹ̀fọ́, orí á máa fọ́ ọ, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, itọ́ á kún un lẹ́nu, nígbà mìíràn á bì. Oògùn ibà la máa ń lò, tó bá di ọjọ́ kejì á ti fúyẹ́. Ọmọ wa tó wà ní Èkó ní kí bàbá òun fi oko sílẹ̀. Bàbá ní ọjọ́ tí òun bá jókòó sílé lòun máa kú. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà? Ẹ má rò pé ẹ̀fọ́ olóògùn là ń jẹ nílé o. Bẹ́ẹ̀dì tiwa wà lọ́tọ̀, a kì í fín nǹkan kan sí i.”
Ìyá Ìbejì, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Lórí ọ̀rọ̀ oko, Bàbá Ìbejì ló jàre. N kò bá ọmọ wa wí. Ọmọ tó wà lájò tó ń gbọ́ pé bàbá òun ń bì, kí ló kù kó sọ? Ṣùgbọ́n ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń rìn, tó ń roko, tó ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù, ohun tí àwọn dókítà ń bẹ wá pé ká ṣe náà ló ń ṣe. Ẹ mú un jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ náà á wálẹ̀.

Ohun tó kù ni àìsàn tí ẹ pè ní ibà. Ibà wo ló mọ ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn? Dichlorvos tó wà nínú Sniper, àti púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń rọ sínú ike aláìlákọlé lọ́jà, iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ara ló ń dà rú. Bó ṣe ń pa kòkòrò nìyẹn, bó sì ṣe ń mú ènìyàn náà nìyẹn. Omi á máa bọ́ lójú, itọ́ á máa dà, òógùn á bo ni, inú á máa ru, ojú á ṣú, àyà á fún pinpin. Kò dìgbà téèyàn bá mu ún. Imú ń fà á, awọ ara ń fà á. Bí ẹ̀rọ bá ń jò sí bàbá lẹ́yìn, tí ẹ̀wù rin gbindin mọ́ ọn lára títí tó fi délé, ara ń mu ún lọ ní gbogbo ìgbà yẹn ni.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi oògùn ibà sílẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ látorí dé ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Baptist. Ẹ mú ike oògùn náà dání. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ atropine tí wọ́n fi ń ṣẹ́gun irú oògùn yìí, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bá jà. Epo pupa àti mílíìkì tí àwọn aládùúgbò bá sáré gbé wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má fún un mu. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà díẹ̀ ni ìparí lẹ́tà yín. Bẹ́ẹ̀dì tiyín wà lọ́tọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣe é, mo mọ̀. Ẹ̀fọ́ tó lu jára díẹ̀, tí tata ti gé létí jẹ, lẹ ń rò fún àwọn ọmọ-ọmọ. Èyí tó ń dán, tí kò ní ihò kankan, lẹ̀ ń dì ní ìdì-ìdì lọ sí Tákìé. Ta ló ń rà á, Ìyá Ìbejì? Àwọn aboyún wà níbẹ̀, ìyá tó ń se ọbẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú náà wà níbẹ̀. Bàbá mọ̀ pé oògùn yẹn kò dáa, ìyẹn ni kò fi fín in sí tiyín. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ láìfín in, torí ẹ̀ ń jẹ nínú bẹ́ẹ̀dì yẹn lójoojúmọ́. Ẹ má wulẹ̀ pàṣẹ fún un, àgbà ọkùnrin kì í fẹ́ ìyẹn. Lálẹ́, tó bá ti jẹun tán, ẹ rọra bi í pé kí ló dé tí kò lè ṣe gbogbo àkùrọ̀ bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀dì tilé. Kẹ́ ẹ dákẹ́, kó dáhùn.

Ẹ̀fọ́ burú ju ẹ̀gẹ́ lọ lórí ọ̀rọ̀ oògùn yìí, torí ọjọ́ rẹ̀ kúrú. Tẹ̀tẹ̀ tí a ń fà tu kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nílẹ̀. Oògùn tó bá bófin mu ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó kórè, ara ike ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ike aláìlákọlé, kí ni ẹ fẹ́ kà lára rẹ̀?

Ewé dogoyárò kò wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ bu omi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí bàbá sì fín in nírọ̀lẹ́, torí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀ bíi Sniper; ó ń mú kí oúnjẹ sú wọn ni, ó sì ń dí wọn lọ́wọ́ láti dàgbà. Nítorí náà, kó máa tún un fín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti lẹ́yìn òjò. Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibi tí ẹ ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí, ẹ sì máa fà á tu ní kékeré, kí kòkòrò tó mọ̀ pé ó ti hù. Ìgbẹ́ adìyẹ gbọ́dọ̀ jẹrà dáadáa kó tó dé ìdí ẹ̀fọ́. Ní ti àgbàdo, kòkòrò tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2016, ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, òun ló sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di ẹni tí kò lè gbé ẹ̀rọ oògùn sílẹ̀ mọ́. Lóko kékeré bíi tiyín, kí bàbá máa yẹ ọkàn àgbàdo wò láàárọ̀, kó fọwọ́ pa ẹyin rẹ̀, kó bu eérú tàbí iyanrìn síbi tó bá ti wọlé. Ẹ̀fọ́ oníhò kò ní yá títà bíi tàtẹ̀yìnwá lákọ̀ọ́kọ́, n kò ní tàn yín. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn oníbàárà.

Bí apakoríko tó ń jẹ́ paraquat bá wà nílé, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Atrazine tí àwọn alágbàdo fẹ́ràn tẹ̀lé e lọ́dún 2025. Paraquat kò ní aporó. Ẹ̀kún ẹnu kan lè pa àgbàlagbà. Bí ó bá jẹ́ inú ike omi ragolis ló wà, tí àwọn ọmọ-ọmọ ń wá síbẹ̀ lásìkò ìsinmi, ẹ gbé e kúrò nílé lónìí kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ kò sọ ti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n mo fura. Bí Sniper bá wà nínú àpò ẹ̀wà yín, kò sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò tán. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò oko. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ, ẹ so àpò náà pinpin. Afẹ́fẹ́ á tán nínú rẹ̀, kòkòrò á kú láìsí oògùn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá wà lára èyí tó ń mú ni tọ̀ púpọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oòrùn ọ̀sán àti òùngbẹ lè mú kí òòyì kọ́ ọ lóko. Kó tètè lọ, kó tètè bọ̀, kó gbé omi dání, kó má sì fo oògùn náà lọ́jọ́ oko.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín ní Èkó pé bàbá kò ní fi oko sílẹ̀. Kó fi owó àpò PICS méjì ránṣẹ́, àti ti bàtà òjò tó nípọn.