ÈÉFÍN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Àwọn àgbà a máa sọ pé èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í sì í ta ni lójú. Kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì ni orúkọ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi gáàsì sun ìkòkò nínú ọgbà ilé yín.

Ìta gbangba ni àwọn ìyá wa ní Dada, ní Ìlọrin, ti ń sun ìkòkò, afẹ́fẹ́ a sì gbé èéfín lọ. Ìléru gáàsì yàtọ̀, nítorí abẹ́ òrùlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e sí. Bí gáàsì kò bá rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán, májèlé yìí ni í mú jáde. Àwọn amọ̀kòkò mìíràn a tilẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ dín afẹ́fẹ́ kù, kí àwọ̀ ìkòkò wọn lè dára. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọn mọ ohun tí ń jáde.

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, májèlé yìí a máa gba ipò ọ́síjìn, nítorí pé ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Orí a fọ́, òòyì a kọ́ni, èébì a gbéni, ara a rọ. Àwọn tí ń wá sí dípẹ́ńsárì wa a máa pè é ní ibà. Nítorí náà, èmi a máa bèèrè pé: Ta ni ó tún ń ṣàìsàn nínú ilé? Ṣé ara yín ń fúyẹ́ bí ẹ bá jáde síta? Irú iná wo ni ẹ dá? Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí ìka kò lè dá májèlé yìí mọ̀ yàtọ̀ sí ọ́síjìn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ má gbé ìléru sí ibi tí ènìyàn ń sùn. Kí ihò èéfín rẹ̀ gba òkè òrùlé jáde.

2. Ẹ̀rọ méjì ni ẹ nílò. Èyí tí a ń ki bọ ihò èéfín ń sọ bí iná ti ń jó. Kò ṣọ́ ènìyàn. Èkejì, tí ń dún bí agogo, ni kí ẹ fi sí ibi tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dúró sí. Bí ó bá fi ìdá 35 hàn nínú mílíọ̀nù kan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Bí ó bá di 200, kí gbogbo ènìyàn jáde.

3. Ẹ má tẹ ojú mọ́ ihò ìléru. Bí májèlé yìí bá tó 1 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń pa ènìyàn.

4. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e síta lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè fún un ní ọ́síjìn. Ẹ sọ fún dókítà pé ìdí ìléru ni ó wà.

Títí di nǹkan bí ọdún 1986, ẹyẹ ni àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé wọ abẹ́ ilẹ̀ kí ó lè kìlọ̀ fún wọn. Lónìí, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹyẹ. Kí ẹ ra ẹ̀rọ náà kí ẹ tó ra àwọ̀ ìkòkò mìíràn.