Bí a ṣe ń ṣe fálì òrùlé kí òjò má bàa jò wọlé

Ilé tó bá ní igun, tàbí tí a fa yàrá kún nígbà tó yá, máa ń ní ojú kan tí òrùlé méjì ti pàdé, tó sì tẹ̀ wọnú. Ojú yìí ni àwọn káfíńtà ń pè ní fálì. Omi apá méjèèjì ibẹ̀ ló ń gbà. Ní Challenge níhìn-ín ní Ìlọrin, ìjì ló sábà máa ń gbé òjò àkọ́rọ̀ wá. Bí ilé tí a fi shingle ọlọ́dà bo òrùlé rẹ̀ bá ń jò, fálì ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká kó tépù, okùn ẹfun, sísọ́ọ̀sì páànù, òòlù àti ọ̀bẹ sílẹ̀. Ká so okùn mọ́dìí kí a tó gun òkè.

1. Ká yan irú fálì. Àwọn kan máa ń hun shingle apá méjèèjì mọ́ra, àwọn mìíràn a tẹ́ apá kan kọjá, wọn a gé èkejì sórí rẹ̀. Èyí tó ṣí sílẹ̀, tí páànù rẹ̀ hàn láàárín, ni mo fara mọ́ fún ìlú wa. Eruku ọyẹ́ àti ewé dọ́ńgóyárò ń bá omi ṣàn lọ lórí páànù, ṣùgbọ́n wọ́n ń há sínú èyí tí a hun.

2. Ká ra páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, 0.55 mm, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀, 8 ní gígùn. Bí a bá là á sí méjì ní gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ ní íńṣì 24. Kí ẹni tó ń tẹ páànù ṣẹ́ íńṣì 1 etí rẹ̀ padà lápá méjèèjì, kó sì gbé òkè kékeré, íńṣì 1 ní gíga, dúró sáàárín gan-an. Ẹ má gbójú fo òkè kékeré yìí. Bí òrùlé kan bá dagun ju èkejì lọ, omi rẹ̀ máa ń fi agbára sáré kọjá, kó sì wọ abẹ́ shingle òdìkejì. Òkè yẹn ló ń dá a dúró. Íńṣì 10 ni yóò kù lápá kọ̀ọ̀kan.

3. Ká gbá ojú pílíwúùdù tí shingle yóò jókòó lé mọ́, ká sì pa gbogbo ìṣó tó yọrí wọlé. Lẹ́yìn náà, ká tẹ́ bébà ọlọ́dà tó fẹ̀ ní íńṣì 36 sí àárín fálì látòkè délẹ̀. Etí rẹ̀ nìkan ni ká kàn. Ká tẹ̀ ẹ́ wọnú igun dáadáa, torí bí àlàfo bá wà lábẹ́ rẹ̀, yóò ya.

4. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ páànù. Kí èyí àkọ́kọ́ yọ íńṣì 2 kọjá fáṣíà (pákó etí òrùlé), kó lè da omi sínú gọ́tà, kì í ṣe sára ògiri aládùúgbò. Èyí tó tẹ̀ lé e yóò gun orí rẹ̀ ní íńṣì 8. Ti òkè ló gbọ́dọ̀ wà lórí ti ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo.

5. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́: a kì í kan ìṣó la páànù fálì. Páànù ẹsẹ̀ bàtà 8 ń gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà 3 bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 50 lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn oṣù Kẹta lórí òrùlé kò kéré. Bí a bá fi ìṣó dè é, yóò wú, yóò sì fa ihò ìṣó gbòòrò. Ká gé ajẹkù páànù sí ìlà tó fẹ̀ ní íńṣì 2, ká fi kọ́ etí tí a ṣẹ́ padà yẹn, ká wá kan ìlà náà mọ́ pílíwúùdù, ní íńṣì 12 síra wọn. Ìṣó alumíníọ̀mù tàbí èyí tí kì í dípẹtà ni ká lò. Ìṣó bàbà ń jẹ alumíníọ̀mù, sìmẹ́ńtì tútù náà sì ń jẹ ẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún bíríkìlà.

6. Ká fi okùn ẹfun na ìlà méjì. Lókè, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àárín ní íńṣì 3. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kó máa fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì fẹ̀ sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, torí omi ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀. Ká tẹ́ shingle dé ìlà, ká gé e, ká tún bu igun òkè rẹ̀ ní íńṣì 2 kí omi má bàa gba ibẹ̀ wọ abẹ́. Ẹ fi nǹkan sábẹ́ kí ọ̀bẹ má fọwọ́ kan páànù. Ìṣó shingle kò gbọ́dọ̀ wọ páànù náà. Ọ̀dà ìlẹ̀mọ́ ni ká fi mú etí tó bá gun orí rẹ̀. Àárọ̀, nígbà tí ìrì ti gbẹ, ló dára jù, nítorí shingle ń rọ̀ lọ́sàn-án, bàtà a sì dọ́gbẹ́ sí i lára.

7. Kí sílíńgì tó gòkè, kí ẹnì kan fi rọ́bà omi da omi látòkè fálì, kí ẹlòmíràn fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ nínú òrùlé fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fọ́n omi látìsàlẹ̀ sókè, torí yóò wọ ibi tí òjò kì í dé. Bí ọ̀rinrin bá hàn, ká wo ibi tí páànù ti gun ara wọn kí a tó dá shingle lẹ́bi. Lẹ́yìn ìyẹn, gbígbá ewé kúrò lọ́dọọdún ló kù, ní ìparí ọyẹ́, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tó rọ̀.