Ẹni tó Lè Lu Ìlù àti Ẹni tó Mọ Ìlù Lù

Gbólóhùn méjì wà tí àwọn tó ń kọ Yorùbá lóde òní sábà máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín wọn kò kéré. Bí a bá ní "Àyándélé lè lu ìlù", ohun tí a sọ kò ju pé agbára rẹ̀ ká a, tàbí pé kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́; ṣùgbọ́n bí a bá ní "Àyándélé mọ ìlù lù", iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a jẹ́rìí sí, pé ìlù náà yé e, ó sì dùn-ún gbọ́ létí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó gbé gángan nídìí ògiri, tó ń fi ọ̀pá lù ú títí ara ilé fi di etí, lè lu ìlù. Kò sí Yorùbá tí yóò sọ pé ó mọ̀ ọ́n lù.

Ìhun gbólóhùn kejì yìí yẹ ní wíwò dáadáa. Àbọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìṣe bà lé lórí, máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ni, àmọ́ níhìn-ín ṣe ni ìlù fò síwájú lù, tó lọ dúró ti mọ̀, tó fi di ohun tí a mọ̀ ná kí ó tó di ohun tí a lù. Bí a bá fi arọ́pò-orúkọ dípò rẹ̀, mọ̀ ọ́n lù ni a óò kọ, a sì ń fi n sí ọ́n nítorí pé fáwẹ̀lì inú mọ̀ fúnra rẹ̀ ń gba imú jáde, bí a kò tilẹ̀ kọ n sí i. Ohùn mọ̀ náà kì í dúró lójú kan: ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbà níwájú ọ́n, ṣùgbọ́n níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn àárín ló ń gbà, nítorí náà ẹni tó kọ "mọ̀ ìlù lù" ṣi àmì ohùn fi sí i. Inú ìhun yìí ni mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ìmọ̀-ọ́n-ṣe ti wá, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó péye jù lọ fún òye tí ọwọ́ ní nínú iṣẹ́.

Ọ̀tọ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ibi tí òye náà ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe bùn, tó túmọ̀ sí kí a fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ló bí ẹ̀bùn, ìdí sì nìyí tí "ó ní ẹ̀bùn" fi ń dún lásán bí ti ẹni tó gbé nǹkan dání bọ̀ láti òde ìgbéyàwó, àyàfi tí a bá sọ ẹ̀bùn ohun tó jẹ́: ẹ̀bùn orin kíkọ, ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ sísọ. Àbínibí ni ohun tí a bí mọ́ni, àdámọ́ ni ohun tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ni, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn nínú méjèèjì, nítorí àìsàn pẹ̀lú a máa jẹ́ àbínibí, ìwà burúkú a sì máa jẹ́ àdámọ́. Àmútọ̀runwá ló le jù nínú wọn. Orúkọ àmútọ̀runwá kì í ṣe èyí tí òbí kàn rò sọ ọmọ, ẹ̀rí rẹ̀ ni ojú rí lọ́jọ́ ìbí: ẹsẹ̀ ni Ìgè kọ́kọ́ yọ, irun Dàda ta kókó láti inú wá. Ẹni tó wá ń pe gbogbo aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá ní ẹni tó ní ẹ̀bùn àmútọ̀runwá ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá di yẹpẹrẹ. (Ní ti tálẹ́ǹtì, tó wọ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ gan-an, owó tí a ń fi ìwọ̀n wọ̀n ló jẹ́ nínú orí 25 ìwé Mátíù, ìtumọ̀ òwe ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó fi sọ ọ́ di ẹ̀bùn.)

Yorùbá kò gbà pé èyí tí a bí mọ́ni tó láìsí ẹ̀kọ́. Òwe tó ní òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran, tí a máa ń fi ṣàpèjúwe ìjọra òbí àti ọmọ, iṣẹ́ ló fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé gbígbọ̀n àti ríran, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́. Ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí Lamidi Fákẹ́yẹ sí, ẹni tó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì kú ní 2009. Síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé ọmọ Àreògún ní Ọyẹ́-Èkìtì. Àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn: ọnà lílé ni fífi àáké la odidi igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀, àlétúnlé ni pípín ìwọ̀nyí sí wẹ́wẹ́ títí ojú, etí àti ọwọ́ yóò fi yọ, dídán ni mímú ara ère jọ̀lọ̀, fínfín ni fífi ẹnu ọ̀bẹ fa ilà irun, ilà ojú àti batani aṣọ. Bí lílé bá wọ́, fínfín kò lè tún un ṣe. Ẹni tó rí ère nínú igi kí àáké tó kàn án ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ní ojú ọnà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a máa lò fún aránṣọ, ayàwòrán àti oníṣọ̀nà gbogbo ju bí a ṣe ń lò ó lọ.

Àwọn orúkọ oyè ìyìn ni wọ́n ń ṣì lò jù. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ béèrè nǹkan méjì, kíkọ́ àti mímọ̀, nítorí náà kò bá ẹni tó dá ara rẹ̀ kọ́ mu, kò sì bá ẹni tó gba fíríìdọ̀mù tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá iṣẹ́ mu. Ògbóǹtarìgì àti àgbà ọ̀jẹ̀ ń fẹ́ ọjọ́ orí lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá èyí tó gbẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ìdílé eégún ló ti wá, níbi tí ọ̀jẹ̀ ti jẹ́ orúkọ àwọn tó ń sin eégún, bó ṣe hàn nínú orúkọ bí Ọ̀jẹ̀wálé. Já fáfá ni ọ̀jáfáfá ti jáde, yíyára àti jíjí sí nǹkan ló sì ń sọ. Agbábọ́ọ̀lù ọmọ ogún ọdún tó sáré gba àárín ẹni mẹ́ta kọjá, tó sì gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ọ̀jáfáfá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà ọ̀jẹ̀ ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò yóò pè é kí ìdíje náà tó parí.