Ogun Ìmàgbọn: Ó Ha Tọ́ Bí?

Ará ọ̀wọ́n, ẹ ka 2 Sámúẹ́lì 10. Hánúnì dójú ti àwọn oníṣẹ́ Dáfídì, ṣùgbọ́n Dáfídì kò rán Jóábù jáde títí ó fi gbọ́ pé àwọn ará Ámónì ti fi owó kó ogun jọ.

Ìjọba Èkó pẹ̀lú kùn ní 1891 pé Awùjalẹ̀ gan Denton, aṣojú wọn. Ní 1892 Ìjẹ̀bú gbà láti ṣí ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sì dá àlùfáà kan padà, Gómìnà Carter ní wọ́n da májẹ̀mú. Ní oṣù karùn-ún a fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn. Ìjẹ̀bú kò gbógun lọ sí Èkó. Ọ̀nà ilẹ̀ wọn ni wọ́n sé. Lójú mi, kò tọ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé lẹ́yìn ogun náà ni Ìhìnrere tó tàn dé Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Bẹ́ẹ̀ ni, àánú Ọlọ́run ni ìyẹn, kì í ṣe àre Carter.