Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: ÌDÁHÙN LÍLE TÚ ÌJỌBA KÁ

Bíbélì Kíkà: I Ọba 12:1-19
Àkọ́sórí: Òwe 15:1
Ète: Kí a lè mọ bí ó ti yẹ kí olórí dá àwọn ènìyàn rẹ̀ lóhùn.

ÀLÀYÉ
Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn Ísírẹ́lì gbé tọ Rehoboamu wá, pé kí ó mú àjàgà wọn fúyẹ́. Àwọn àgbà fún un ní ìmọ̀ràn rere, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́.

Ojú wa rí irú èyí. Ní June 12, 1993, a tò, a sì dìbò. Ìjọba ológun Babangida fagi lé ìbò náà. Nígbà tí àwọn ènìyàn tú síta ní Èkó ní July, àwọn sójà yìnbọn, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní 1994, àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀; ìjọba Abacha ti àwọn olórí wọn mọ́lé. Abíọ́lá tí a dìbò fún kú sí àtìmọ́lé ní July 7, 1998.

Ǹjẹ́ ipá mú ìjọba dúró? Rehoboamu pàdánù ẹ̀yà mẹ́wàá. Àwọn ológun wa náà gbé ìjọba sílẹ̀ ní May 29, 1999.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn ènìyàn sọ Adoramu ní òkúta pa. Ní Èkó pẹ̀lú, àwọn kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀tọ́ tí a ń bèèrè kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ di òdodo.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni Rehoboamu ìbá ti ṣe?
2. Ìwọ bàbá, ìyá tàbí olùkọ́ ní agbègbè Èjìgbò, báwo ni o ti ń dá ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ lóhùn bí ó bá mú ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ wá?